Ta Ló Ń Sọ fún Mánijà?

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kìíní, 1975

Ẹ̀rọ kejì tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní kọ́ńpìnnì sítáàṣì wa ní Igbó-Ọrà gba ìka mẹ́ta lọ́wọ́ Salome láàárọ̀ yìí. Ọwọ́ ọ̀tún. Inú yàrá ìwọ̀n ni mo wà, mo ń wọn ẹ̀gẹ́ ọkọ̀ Ìgàngán, nígbà tí mo gbọ́ igbe. Mo kọ́kọ́ rò pé èèyàn méjì ló ń jà. Kí n tó débẹ̀, Awótúndé, tí à ń pè ní Bàbá Àpèkẹ́, ti pa ẹ̀rọ, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù ara wọn, wọ́n fi wé ọwọ́ náà. Sítáàṣì tútù funfun ló kún ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wá wà láàárín rẹ̀. Salome ò ké mọ́ nígbà yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé, “Ẹ bá mi pe ìyá mi kí wọ́n wá gbé àwọn ìbejì.”

Mi ò lè jẹun alẹ́. Kò sí ìbòrí irin lórí ẹ̀rọ yẹn. Kí ọdún tó kọjá tó parí ni wọ́n ti tú u kúrò lórí gbogbo ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ẹ̀gẹ́ máa ń há sábẹ́ rẹ̀, Mánijà sì ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Bàbá Àpèkẹ́ ló fi sípánà tú u, nítorí àwọn ni mẹkáníìkì. Àwọn náà sì ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, èmi ni akọ̀wé. Mo kọ èyí sílẹ̀ torí ó dá mi lójú pé láìpẹ́ ẹnì kan á dìde, á ní ìbòrí wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kìíní

Ọyẹ́ mú gan-an. Ètè mi ti là.

Mo lọ wo Salome ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n ti gé ohun tó kù lára àwọn ìka náà. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín ló ṣẹ́kù fún un lọ́wọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé Táyé lé itan kan, Kẹ́hìndé lé ìkejì. Salome ní, “Ìyá Ìbílọlá, ẹ wò ó bí n ó ṣe máa gbé méjì lẹ́ẹ̀kan náà báyìí.” Ó rẹ́rìn-ín.

A wà níbẹ̀ ni òjíṣẹ́ Mánijà dé pẹ̀lú lẹ́tà. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, pé òun fúnra rẹ̀ ló tú ìbòrí ẹ̀rọ. Èmi ni mo kà á sí wọn létí. Mo kà á tán, Salome wo ọwọ́ tí wọ́n dì, ó wò mí. “Ṣé ẹ rí sípánà lọ́wọ́ mi rí?”

Mo délé, mo sọ fún Japheth ọkọ mi, Bàbá Ìbílọlá. Kì í tètè bínú. Ogún ọdún tó ti ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ti kọ́ ọ ní sùúrù. Ó ní, “Mánijà ò burú tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ fara balẹ̀ bá a sọ̀rọ̀.” Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì ni òun àti Mánijà jọ wà. Mo ní, “Ẹ mọ̀ ọ́n níbi tó ti ń gbàdúrà. Èmi mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́.”

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kìíní

Ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àpèkẹ́, àwa márùn-ún. Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀: kí Salome padà síṣẹ́ tí ọwọ́ òsì rẹ̀ lè ṣe, kí kọ́ńpìnnì máa tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ títí á fi jiná, kí ìbòrí padà sórí gbogbo ẹ̀rọ.

Àkíbù, tó ń wa ọkọ̀ kọ́ńpìnnì, ò lè jókòó. “Ẹ jẹ́ ká dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Kí la ń dúró ṣe?”

Bàbá Àpèkẹ́ ní, “Lọ́la kọ́. Ọjọ́rú ni. Ọjọ́rú ni ọkọ̀ Ìgàngán máa ń kún àgbàlá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n já ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ tán, ká wá káwọ́ gbera. Bó bá fi di ọjọ́ Ẹtì, inú ẹ̀gẹ́ yẹn á ti dúdú, Mánijà fúnra rẹ̀ ló máa wá wa wá.”

Èrò náà dára. Ó dára débi pé ẹ̀rù bà mí. A búra pé a ò ní sọ ọjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni, àní fún àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, títí di àárọ̀ Ọjọ́rú. Bí mo ṣe ń lọ sílé ni mo ń rò ó pé ẹni tó tú ìbòrí náà ló ń darí ìjà lórí ìbòrí. Mo gbé èrò yẹn kúrò lọ́kàn. Ó tún padà wá.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kìíní

Kẹrosíìnì wọ́n lọ́jà, a sì tò kí a tó rí i rà. Bàbá Ìbílọlá bi mí bóyá èmi ni n ó lọ mú Ìbílọlá ọmọ wa nílé ìwé ní Ọjọ́rú. Mo ní kí òun lọ mú un, pé a lè pẹ́ ní ẹnu géètì. Ó ní, “Ọjọ́rú kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ ni?” Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kìíní

Àgbàlá ṣófo. Kò sí ọkọ̀ Ìgàngán kan ṣoṣo.

Ọ̀gbẹ́ni Akínladé, Mánijà wa, dúró lẹ́nu géètì, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó kí wa pẹ̀lú ọ̀yàyà. “Ẹ káàárọ̀ o. Mo gbọ́ pé ara ń ro yín lónìí. Mo ti ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ yà sí Ìdèrè kí wọ́n sinmi.” Ó wá wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi tíṣà tó mú ọmọ tó ń jíwèé wò. “Ẹ má gbàgbé pé òfin ìjọba ológun lòdì sí ìyanṣẹ́lódì.”

Síbẹ̀ a dáṣẹ́ sílẹ̀. Ojú ti wa ju kí á wọlé lọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ jókòó sábẹ́ igi ọdán tó kọjú sí géètì, àwọn obìnrin sórí ẹní, àwọn ọkùnrin sórí bíríkì. Oòrùn là, ọyẹ́ ò lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbójú sókè ni mò ń ka àwa márùn-ún wò lọ́kàn. Ta ni nínú wa?

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kìíní

Mánijà ti kó àwọn èèyàn kan wá láti ibòmíràn. À ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ méjì láti abẹ́ igi. Láìsí ìbòrí.

Àkíbù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun rí Bàbá Àpèkẹ́ lánàá tí wọ́n ń jáde láti ilé Mánijà. Mo ní bóyá ó ṣì wọ́n mú ni. “Èmi tí mò ń wakọ̀ nínú kùrukùru ọyẹ́, ẹ ní mi ò mọ alága mi?”

Mo lọ bá wọn. Mo ní, “Bàbá Àpèkẹ́, ṣé ẹ lọ sílé Mánijà?”

“Mo lọ. Ó ránṣẹ́ pè mí.”

“Kí ló sọ?”

“Ohun tó sọ, iwájú gbogbo yín ni n ó ti sọ ọ́. Mi ò ní máa sọ ọ́ lábẹ́ igi fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.”

Ohùn wọn ò yí padà rárá. Mi ò mọ̀ bóyá ohùn ẹni tí kò mọ nǹkan kan nìyẹn, tàbí ohùn ẹni tó ti múra sílẹ̀ de ìbéèrè.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kìíní

Mánijà ní òun ti ṣe tán láti gbọ́ wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. A wá ń wá ibi tí a lè fà sẹ́yìn dé. Bàbá Àpèkẹ́ ló mú àbá wá: bó bá le jù, kí Mánijà da ìbòrí padà sórí ẹ̀rọ méjì báyìí, kó ṣe méjì tó kù ní Oṣù Kẹrin, nígbà tí iṣẹ́ bá ti lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò ní kọ́kọ́ sọ ọ́. A ó pa á mọ́ sísàlẹ̀ títí ohun mìíràn tí a lè sọ á fi tán.

Àbá náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni tó tú u ló ń rọra?

Bàbá Ìbílọlá rí i pé ojú mi wúwo, ó bu ọbẹ̀ sí i fún mi fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ ohun gbogbo fún un bí a ṣe ń jẹun: ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ méjì, Oṣù Kẹrin, Bàbá Àpèkẹ́. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ara mi fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kìíní

A wọ ọ́fíìsì Mánijà. Wọ́n gbé míníràlì sílẹ̀ fún wa, kò sẹ́ni tó mu ún. Bàbá Àpèkẹ́ la ọ̀rọ̀ Salome sílẹ̀, wọ́n la ti ìtọ́jú sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ìbòrí ni Mánijà gbọ́wọ́ sókè.

“Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, Ọ̀gbẹ́ni Awótúndé. Ìbòrí méjì báyìí, méjì ní Oṣù Kẹrin. Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ gbà nìyẹn? Mo gbà. Ẹ fi ti obìnrin yẹn sílẹ̀, ká parí rẹ̀ síbẹ̀.”

Àkíbù yí ojú sí Bàbá Àpèkẹ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú wọn wà lórí tábìlì, òógùn sì ń jáde níwájú orí wọn, nínú ọyẹ́ yìí.

A dìde láìgba nǹkan kan. Ohun tí a pa mọ́ sísàlẹ̀ ni ọkùnrin náà ti fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Kí la tún fẹ́ máa fún un?

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kìíní

Mo ṣe é lónìí. Mo dìde lábẹ́ igi ọdán lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

Mo ní, “Ta ló tú ìbòrí? Ta ni wọ́n rí tó ń jáde nílé Mánijà? Ta ló mú àbá ẹ̀rọ méjì wá, tí Mánijà fi wá kà á fún wa bí ẹni tó jókòó tì wá? Ẹ bi alága yín.”

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní kí wọ́n na alága. Bàbá Àpèkẹ́ dìde, wọ́n ṣí fìlà.

“Èmi ni mo tú u. Mánijà ló pàṣẹ, mo sì ṣe é. Àtọjọ́ tí ọmọ yẹn ti fara pa ni oorun ò ti kùn mí. Mo lọ sílé rẹ̀ torí ó pè mí. Ó ní kí n wá jẹ́rìí pé Salome ló tú u, pé òun á fi mí ṣe ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì. Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ tí mo ní n ó sọ níwájú yín nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́. Ohun tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, mi ò sọ ọ̀kankan fún un.”

Àkíbù pariwo, “Irọ́!”

Bàbá Àpèkẹ́ wo Àkíbù, wọ́n wò mí. “Ó dáa. Bí ẹ bá rò pé èmi ni, ẹ jẹ́ kí n kúrò. Kí ẹ wá máa wò ó bóyá yóò dáwọ́ dúró.”

Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ fi Àkíbù ṣe alága. Àwọn èèyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́ pé mo ní ìgboyà. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kejì

Obìnrin mẹ́ta ti padà wọlé sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gba ẹ̀yìn wọlé kí a má baà rí wọn. A rí wọn.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì

Wọ́n ti dá Salome sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Mo bá a tó ń fi ọwọ́ òsì pọ́n Kẹ́hìndé, ó ń fi eyín fa etí ọ̀já. Ó ní kí n má ràn án lọ́wọ́. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó so ó. Ó ní, “Ṣé wọ́n á gbà mí padà?” Mo ní wọ́n á gbà á. Kò dà bí ẹni pé ó gbà mí gbọ́.

Lójú ọ̀nà ni èrò kan sọ sí mi lọ́kàn: kí n kọ ìtàn Salome ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ní Ìbàdàn, kí gbogbo ayé mọ orúkọ Akínladé. Mo délé, Bàbá Ìbílọlá ń bó iṣu, mo sọ fún un. Ó ní kí n rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́. Mi ò tíì kọ ìlà kan.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kejì

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Ìjọba rán Ọ̀gbẹ́ni Àyàndélé wá láti Ìbàdàn kó wá bá wa làjà. Èrúwà la ti pàdé. Ó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ó máa ń tún ọ̀rọ̀ oníkálukú sọ kó lè rí i pé òun gbọ́ ọ. Ó fi àwa sí yàrá kan, ó fi Mánijà sí èkejì, ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wa títí di ọ̀sán. Ó wá kó wa pọ̀ sídìí tábìlì kan.

Mánijà ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. “Ọ̀gá, ẹ̀yin ẹ ń wá àlàáfíà, àwọn èèyàn yìí ò wá a. Akọ̀wé wọn tó jókòó síbẹ̀ yẹn ti fẹ́ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Ìbàdàn kó lè bà mí lórúkọ jẹ́.”

Àkíbù tẹ̀ sí mi létí. “Ìwé ìròyìn wo? Ẹ ò sọ fún wa.”

Mi ò sọ fún wọn lóòótọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́. Bàbá Àpèkẹ́ ò wá sí ìpàdé kankan mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ fún, iṣu sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn.

Nínú ọkọ̀ láti Èrúwà, mo ń to gbogbo rẹ̀ jọ. Ọjọ́rú: ó bi mí. Ẹ̀rọ méjì àti Oṣù Kẹrin: mo sọ ọ́ lórí oúnjẹ. Eruku ojú ọ̀nà bò wá títí a fi dé Igbó-Ọrà. Bí wọ́n ṣe ní ẹkún ni mò ń sun, mo ní eruku ló wọ̀ mí lójú.

Bàbá Ìbílọlá ti ṣí ilẹ̀kùn dè mí. Ó ní, “Ẹ kú ìrìn. Ibo lẹ bá a dé?” Mo ní orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kejì

Mo lọ sílé Bàbá Àpèkẹ́ láàárọ̀. Wọ́n ń tún ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò kan ṣe. Mo kúnlẹ̀.

“Dìde, epo wà nílẹ̀ yẹn.”

Mi ò dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń fi àkísà nu ọwọ́ wọn, wọn ò sì yára. Nígbà tí mo dárúkọ ọkọ mi, wọ́n dáwọ́ dúró.

“Tíṣà?”

“Àwọn ni, sà.”

“Ṣé o ti bi í?”

“Rárá. Alẹ́ òní ni mo fẹ́ bi í.”

“Má bi í.” Wọ́n jókòó sórí táyà. “Ó dùn mí, ohun tí o ṣe fún mi lábẹ́ igi. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n gbọ́. Ní báyìí, a mọ ẹni tó ń sọ fún Mánijà. Bí a bá dí ọ̀nà yẹn pa, á wá ẹlòmíràn, a ò sì ní mọ̀ ọ́n. Kí ni Mánijà ń bẹ̀rù jù?”

Mo ní, “Kí ẹ̀gẹ́ má wọlé.”

“Mo gbọ́ pé Àkíbù lọ bẹ àwọn àgbẹ̀ Ìgàngán kí wọ́n má gbé ẹ̀gẹ́ wá mọ́. Kí ni wọ́n sọ fún Àkíbù?”

“Wọ́n ní àwọn á rò ó.”

“Wọn ò ní ṣe nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ ta ọjà wọn. Ṣùgbọ́n Mánijà ò mọ ìyẹn.”

Ó pẹ́ kí ohun tí wọ́n fẹ́ kí Mánijà gbọ́, àti ẹnu tí yóò ti gbọ́ ọ, tó yé mi. Wọ́n ní kí n lọ sílé, pé àwọn ò ní dá mi lẹ́bi bí mi ò bá lè ṣe é. “Ọkọ rẹ ni. Èmi ò lè sọ pé kí o purọ́ fún un.” Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kejì

Mo ṣe é. Kó tó lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ni mo sọ ọ́, mo ń bá a na kọ́là ẹ̀wù rẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ parí, Bàbá Ìbílọlá. Àwọn àgbẹ̀ Ìgàngán ti bá wa mulẹ̀. Láti Ọjọ́rú, wọn ò ní gbé ẹ̀gẹ́ fún kọ́ńpìnnì mọ́, àfi bí Salome bá padà, tí ìbòrí sì padà. Àwọn onígààrì Abẹ́òkúta ni wọ́n á máa tà á fún.”

Ó wo ojú mi. “Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o.”

“Ta ni n ó sọ fún?”

Irọ́ nìyẹn lẹ́nu rẹ̀, irọ́ nìyẹn lẹ́nu mi, a sì jọ rẹ́rìn-ín síra wa. Mo dúró lójú fèrèsé títí kò fi sí lójú mi mọ́. Apá kan nínú mi ń bẹ Ọlọ́run pé kó má sọ ọ́. Kí n lè wá sọ fún Bàbá Àpèkẹ́ pé mo ṣi ọkọ mi mú, kí a pàdánù ìjà yìí, kí n sì ní ilé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kejì

Ọkọ̀ Ìgàngán kan ṣoṣo ló dé lónìí. Àkíbù ní àwọn méjì bàjẹ́ sọ́nà Tápà, ó fi ojú ara rẹ̀ rí wọn níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì. Mánijà ò rí wọn. Ó jáde sí géètì láàárọ̀, ó jáde lọ́sàn-án, ó ń wo ọ̀nà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ránṣẹ́ sí Àkíbù: ṣé a lè pàdé Ọ̀gbẹ́ni Àyàndélé lọ́la ní Èrúwà, kí á parí ọ̀rọ̀ náà?

Ó sọ ọ́ nígbà náà. Ọkọ mi sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kejì

Kí a tó wọ ọkọ̀, mo sọ fún Àkíbù àti àwọn yòókù pé Bàbá Àpèkẹ́ kọ́ ló ń sọ fún Mánijà, kí a lọ mú wọn dání. Àkíbù ní, “Ta wá ni?” Mo ní n ó sọ ọ́ bí a bá fọwọ́ síwèé tán. Ó wò mí títí a fi dé Èrúwà, ó sì kó ìjókòó rẹ̀ jìnnà sí tèmi.

Mánijà ò ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Salome á padà, yóò máa bá mi ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwọ̀n. Kọ́ńpìnnì á tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ títí á fi jiná. Ẹ̀rọ kankan ò ní yí láìsí ìbòrí. Wọn ò ní lé ẹnikẹ́ni torí ìyanṣẹ́lódì. Àfi ohun kan: ó fẹ́ kí a kọ ọ́ pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì.

Bàbá Àpèkẹ́ ní, “Èmi tí mo tú u lórí àṣẹ yín, mo jókòó síbí. Mi ò fọwọ́ sí ìyẹn.”

Àwọn àti Mánijà fà á títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ọ̀gbẹ́ni Àyàndélé wá ní kí a má kọ nǹkan kan nípa ẹ̀bi rárá, bóyá síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fọwọ́ sí i. Salome rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Ẹni tó jẹ̀bi ò sí nínú ìwé.

Bí a ṣe ń jáde, Mánijà rọra sọ fún mi pé, “Ẹ bá wa kí àwọn àgbẹ̀ Ìgàngán o. Ẹ ní a ti yanjú rẹ̀.” Mo ní wọ́n á gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejì

Gbogbo wa wọlé. Bàbá Àpèkẹ́ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan àwọn ìbòrí náà. Wọ́n dá a padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fún un pinpin, wọ́n ń fi ọwọ́ mì í wò. Salome dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀rọ kejì, wọ́n ní, “Ọmọ mi, wá mì í wò fúnra rẹ.” Ó lọ, ó fi ọwọ́ òsì mì í. Kò mì.

Mo sọ fún ìgbìmọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ bí mo ti ṣèlérí. Àkíbù ní kí n fi ipò akọ̀wé sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá Àpèkẹ́, tí wọ́n ti dá padà sípò alága, ló gbà mí sílẹ̀, bí mo bá lè pè é ní ìgbàsílẹ̀. Wọ́n ní, “Kó máa kọ ohun tí a ti ṣe. Kó má mọ ohun tí a fẹ́ ṣe.”

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kejì

Bàbá Ìbílọlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Aṣọ ni mò ń lọ̀ nígbà tó wọlé, ó ṣì wọ bàtà ilé ìwé.

“Mo pàdé ọlọ́kọ̀ Ìgàngán kan lónìí. Ó ní àwọn ò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ rí.”

Mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró. “Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ìwọ lo sọ fún mi pé wọ́n mulẹ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún Mánijà.”

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. “Mánijà pè mí lẹ́yìn ìsìn, ní Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìgbà tí Salome fara pa. Ó ní ọlọ́pàá á kó àwọn olórí yín, pé orúkọ rẹ ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Ó ní bí mo bá ń jẹ́ kí òun mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, òun á yọ orúkọ rẹ. Yéwándé, ẹ̀wọ̀n ni mò ń wò. Ìbílọlá ni mò ń wò.”

“Àwọn mẹ́rin yòókù ńkọ́? Àwọn kò lọ́mọ ni?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.

“Mo dójú ti bàbá àgbàlagbà lójú gbogbo òṣìṣẹ́ torí ọ̀rọ̀ tí ẹ lọ sọ. Ẹ rí i tí mò ń sọ ọ́ fún yín nílé, ẹ ní mo ṣe dáadáa.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí.” Ó wá gbójú sókè. “Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Láti Èrúwà.”

“Ó wá jẹ́ pé o mọ̀, o ń bá mi na kọ́là, o sì ń purọ́ fún mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Èmi ni mo ṣẹ́gun nínú ọ̀rọ̀ yẹn, bí ó bá jẹ́ ìjà. Aṣọ tí mò ń lọ̀ ti jóná lápá kan. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kejì

Bàbá Ìbílọlá ti kúrò nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Kò sọ fún mi. Ẹnu ìyàwó pásítọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́sàn-án yìí. Gbogbo ilẹ̀ ń gbóòórùn. Salome ti ń kọ nọ́ḿbà ọkọ̀ fúnra rẹ̀, nọ́ḿbà náà dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n èèyàn lè kà á. Àkíbù kí mi lónìí, ó tiẹ̀ dúró kí n dáhùn.

A jókòó sídìí oúnjẹ, èmi àti Bàbá Ìbílọlá. Ó bi mí pé, “Báwo ni ibi iṣẹ́?”

Mo ní, “Ó dára.”

Ó gé òkèlè, kò fi bọ ọbẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń gbìyànjú láti gbọ́ ohùn kan láti yàrá kejì. Ó wá rọra ní, “Ṣé òótọ́ ni?”

Òótọ́ ni. Iṣẹ́ dára lónìí, kò sí nǹkan kan tí mo fi pa mọ́ sínú. Mo la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀ fún un, n kò sì rí ohùn tí mo lè fi sọ ọ́ tí kò ní jọ èyí tí mo fi purọ́ fún un lọ́jọ́ yẹn.